Owó Iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà: Kó Wọ Àkáùntì, Kó Wà Lórí Káàdì, àbí Kí Wọ́n Kọ Sọ̀wédowó?

Ẹni tó ti ríṣẹ́ rí ní Amẹ́ríkà á mọ ìwé tí mò ń sọ. Ó máa ń wà láàárín fọ́ọ̀mù owó orí àti fọ́ọ̀mù ìbánigbófò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fọwọ́ sí i láì kà á: ìwé tó ń béèrè bí ẹ ṣe fẹ́ máa gba owó iṣẹ́ yín. Ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Kí owó máa wọ inú àkáùntì yín tààrà, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní direct deposit. Kí wọ́n máa kó o sórí káàdì tí ilé iṣẹ́ bá yín gbà láti báńkì kan, ìyẹn káàdì owó iṣẹ́. Tàbí kí wọ́n máa kọ sọ̀wédowó fún yín. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí i pé wọ́n ti fàlà sí ọ̀kan nínú wọn kí ẹ tó mú bíírò. Ẹ dúró níbẹ̀ ná.

Kí n tètè sọ tèmi: ẹni tó bá ní àkáùntì tirẹ̀, direct deposit ni kó mú. Ẹni tí kò bá ní, káàdì lè sàn fún un ju sọ̀wédowó lọ, bí ó bá ti ka ìwé iye tí wọ́n ń gé dáadáa. Sọ̀wédowó ní ìgbà tirẹ̀, màá sì sọ ọ́. Àmọ́ nínú gbogbo òfin tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, bóyá bébà ni àbí ẹ̀rọ kọ́ ni kókó. Nǹkan méjì ni òfin ń wò: ta ló yan ibi tí owó ń lọ, àti pé ṣé òṣìṣẹ́ lè kó gbogbo owó rẹ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan bù ú.

Ohun tí òfin àpapọ̀ sọ, àti ohun tí kò sọ

Ní ọdún 1978 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe òfin Electronic Fund Transfer Act. Ìlànà tí wọ́n fi ń mú un ṣẹ ni Regulation E, àjọ CFPB tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà báńkì ló sì ń bójú tó o. Ibi tó kan owó iṣẹ́ níbẹ̀ kò gùn rárá: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ fún òṣìṣẹ́ pé àfi kó ṣí àkáùntì sí báńkì kan pàtó kó tó lè ríṣẹ́ ṣe.

Látinú gbólóhùn yẹn, ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún agbaniṣíṣẹ́. Ó lè ní òun kì í kọ sọ̀wédowó mọ́, pé àkáùntì nìkan lòun ń san owó sí, bí ó bá ti jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló máa yan báńkì tó wù ú. Tàbí kó dárúkọ báńkì kan tàbí káàdì kan, àmọ́ kó fi ọ̀nà mìíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi sọ̀wédowó tàbí owó lọ́wọ́, kí òṣìṣẹ́ mú èyí tó fẹ́. Èyí tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó gbé káàdì kan ṣoṣo síwájú ènìyàn kó ní, "Gbà á tàbí kí o máa lọ." Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, CFPB kọ ìwé ìránnilétí lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, nítorí pé àwọn agbaniṣíṣẹ́ kan ń ṣe bí ẹni pé káàdì kò sí lábẹ́ òfin náà.

Ẹ kíyè sí ohun tí òfin àpapọ̀ kò sọ. Kò sọ pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí sọ̀wédowó. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń fi èyí jiyàn pẹ̀lú ọ̀gá wọn, wọn kì í sì í jàre, àfi bí ìpínlẹ̀ tí wọ́n wà bá ní òfin tirẹ̀ tó gbè wọ́n lẹ́yìn.

Àṣìgbọ́ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ 14247, tó ní kí ìjọba àpapọ̀ jáwọ́ nínú kíkọ sọ̀wédowó tó bá fi máa di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Àṣẹ yẹn fúnra rẹ̀ sọ pé sọ̀wédowó ìjọba máa ń sọnù, tàbí kí olè jí i, tàbí kí wọ́n yí ohun tó wà lórí rẹ̀ padà, ní ìlọ́po 16 ju owó tó gba orí ẹ̀rọ lọ. Owó tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń san jáde, bí owó ìfẹ̀yìntì àti owó orí tí wọ́n ń dá padà, ló kàn. Kò kan ọ̀gá aládàáni yín. Bí ẹnì kan ní ilé iṣẹ́ bá sọ pé "ìjọba ti fòfin de sọ̀wédowó", ẹ ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín.

Òfin àpapọ̀ kejì ni Fair Labor Standards Act ti ọdún 1938. Ohun tí ìlànà rẹ̀ ń béèrè ni pé kí owó iṣẹ́ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ pátápátá, láìsí okùn kankan nídìí rẹ̀. Owó iṣẹ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin àpapọ̀ jẹ́ dọ́là 7.25 fún wákàtí kan láti ọdún 2009. Ẹni tó ń gba iye yẹn gẹ́lẹ́, tí wọ́n sì fi káàdì tó ń gé owó há a lọ́wọ́ láìsí ọ̀nà mìíràn, agbaniṣíṣẹ́ rẹ̀ ti ń rìn ní bèbè ẹjọ́.

Ìpínlẹ̀ tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ló ń pinnu ìyókù

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè fún òṣìṣẹ́ ní ààbò tó ju ti òfin àpapọ̀ lọ. Ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ wò, ẹ má wo ìlú tí olú ilé iṣẹ́ wà. Ẹni tó ń tọ́jú àgbàlagbà ní Houston àti ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún ilé iṣẹ́ kan náà ní Brooklyn kò ní ẹ̀tọ́ kan náà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní Texas, òfin ka owó lọ́wọ́, ìwé owó tí báńkì máa san ní pípé, àti owó orí ẹ̀rọ sí ọ̀nà ìsanwó tó tọ́. Agbaniṣíṣẹ́ lè sọ direct deposit di dandan níbẹ̀, bí ó bá ti fi yíyan báńkì sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́.

New York kò gbà bẹ́ẹ̀. Apá 192 nínú òfin iṣẹ́ wọn sọ pé agbaniṣíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi owó sínú àkáùntì òṣìṣẹ́ láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé òun gbà. Àwọn ọ̀gá àti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí owó wọn bá ti ga kọjá iye kan ni òfin yọ sílẹ̀. Iye náà jẹ́ dọ́là 900 lọ́sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2024, ó ti di dọ́là 1,300. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì olùrànlọ́wọ́, awakọ̀, olùtọ́jú ilé ní New York lè sọ pé "Rárá, sọ̀wédowó ni mo fẹ́", ọ̀gá rẹ̀ á sì kọ ọ́ fún un.

California lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ apá 213, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fínnúfíndọ̀ gbà kí owó máa wọ àkáùntì, òun ló sì ń yan báńkì, tí báńkì náà á ní ibi iṣẹ́ ní California. Bí ó bá sì jẹ́ sọ̀wédowó ni, apá 212 ní kó jẹ́ èyí tí wọ́n lè pààrọ̀ sí owó lójú ẹsẹ̀ láìgé kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, ní ibì kan pàtó ní ìpínlẹ̀ náà tí orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ wà lórí ìwé. Bí sọ̀wédowó náà bá padà nítorí pé kò sówó nínú àkáùntì ilé iṣẹ́, apá 203.1 lè mú kí owó ojúmọ́ òṣìṣẹ́ máa ka lọ lórí agbaniṣíṣẹ́ títí di ọjọ́ 30. Ẹni tí wọ́n bá lé níṣẹ́ ní California gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì kìlọ̀ ṣáájú, wákàtí 72 ni wọ́n ní láti san án. Wọ́n lè fi direct deposit tó ti gbà tẹ́lẹ̀ san án, bí kò bá ti ju àsìkò yẹn lọ.

Maryland náà ní kí òṣìṣẹ́ fàṣẹ sí i kí wọ́n tó fi owó sí àkáùntì tàbí sórí káàdì.

Ní ti káàdì, Pennsylvania ló ní ìtàn tó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ní ọdún 2013, àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ ní agbègbè Luzerne gbé àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ lọ sílé ẹjọ́. Káàdì ni wọ́n fi ń san owó wọn, wọn kò sì fún wọn ní ọ̀nà mìíràn. Bí ẹ bá fi káàdì náà gba owó nídìí ẹ̀rọ ATM, dọ́là 1.50 á lọ. Bí ẹ bá lọ gbà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ báńkì, dọ́là 5. Bí ẹ bá kàn fẹ́ mọ iye tó kù, dọ́là 1. Fún ẹni tí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọjá iye tó kéré jù lábẹ́ òfin, kì í ṣe owó ṣeréṣeré. Ní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí wọ́n ń pè ní Superior Court dájọ́ pé òfin owó iṣẹ́ ti ọdún 1961 dárúkọ owó gidi àti sọ̀wédowó, àti pé káàdì tí wọ́n fi ṣe dandan kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kò pé oṣù kan tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà fi gbé Òfin 161 jáde, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Ó gba káàdì láyè, àmọ́ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fẹ́ ẹ, ó sì gbọ́dọ̀ lè kó owó rẹ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ìgbà owó kọ̀ọ̀kan.

Illinois ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn, láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2015: káàdì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ dandan, ọ̀nà mìíràn gbọ́dọ̀ wà, òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ lè kó gbogbo owó rẹ̀ láìsan nǹkan kan, kò gbọ́dọ̀ dín ní ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Direct deposit | Káàdì owó iṣẹ́ | Sọ̀wédowó |
|---|---|---|---|
| Ta ló yan báńkì? | Ẹ̀yin | Ilé iṣẹ́ | Kò nílò báńkì tiyín |
| Ìgbà tí owó ń dé | Àárọ̀ ọjọ́ owó | Àárọ̀ ọjọ́ owó | Ìgbà tí ìwé bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, tí báńkì sì tú u sílẹ̀ |
| Ohun tó lè gé nínú rẹ̀ | Owó oṣooṣù báńkì yín, bí ó bá ní | Owó ATM, owó wíwo iye tó kù, owó àìlò káàdì | Owó àwọn tó ń pààrọ̀ sọ̀wédowó |
| Ewu tó tóbi jù | Oníjìbìtì tó yí nọ́ńbà àkáùntì padà | Gígé díẹ̀díẹ̀ tí ẹ kò fura sí | Olè ìdí àpótí lẹ́tà |

Direct deposit

Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ACH ni owó yìí ń gbà, àjọ Nacha ló sì ń ṣe ìlànà rẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ owó bá ti dé báńkì yín kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú tó lù, báńkì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ lè ná an ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ owó. Àwọn báńkì kan máa ń tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, tí wọ́n á sì fi polówó ara wọn. Inú rere wọn nìyẹn o, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ẹ má fi owó ilé há a. ACH kì í sanwó ní Sátidé, Sọ́ńdè, tàbí ọjọ́ ìsinmi Federal Reserve, nítorí náà bí ọjọ́ owó bá bọ́ sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, agbaniṣíṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti fi ránṣẹ́ ṣáájú.

Owó àkọ́kọ́ lè má gba ibẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kọ́kọ́ fi àkọsílẹ̀ tí kò ní owó kankan nínú ránṣẹ́ láti mọ̀ bóyá nọ́ńbà tó tọ́ ni, wọ́n á sì dúró di ọjọ́ iṣẹ́ báńkì kẹta kí wọ́n tó fi owó gidi sí i. Bí àkókò bá ti há, ẹ lè gba sọ̀wédowó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ìyókù tó máa wọlé. Kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé owó tó ti wọlé lè padà jáde. Bí ilé iṣẹ́ bá san owó lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ó san iye tó ṣì, tàbí kí ó san án fún ẹlòmíràn, ìlànà Nacha gbà á láyè láti fà á padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ báńkì márùn-ún. Kì í ṣe ọ̀nà láti fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá ń bínú sí, tàbí láti gba owó aṣọ iṣẹ́ padà. Bí wọ́n bá fa owó yín padà fún irú ìdí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di gígé owó iṣẹ́ láìtọ́ nìyẹn, òfin ìpínlẹ̀ sì ní ohun tó máa sọ sí i.

Ewu tó burú jù kì í ti ọ̀dọ̀ báńkì wá. Lẹ́tà ìméèlì kan á dé ọ́fíìsì tó ń ṣètò owó, orúkọ òṣìṣẹ́ ló wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì ju ìlà méjì lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, mo ti yí báńkì padà. Ṣé ẹ lè fi nọ́ńbà tuntun yìí sí i kí ọjọ́ owó yìí tó pé?" Akọ̀wé á fi sí i. Ọjọ́ owó á pé, òṣìṣẹ́ á ní òun kò rí nǹkan kan. FBI kìlọ̀ nípa irú jìbìtì yìí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, kò sì tíì lọ. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan: kí akọ̀wé pe òṣìṣẹ́ lórí nọ́ńbà tó ti wà nínú fáìlì tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìméèlì náà. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ béèrè bóyá ilé iṣẹ́ yín ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ fi ń wọ ibi tí owó iṣẹ́ yín wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kó bá ti ìméèlì yín dọ́gba.

Àǹfààní kan wà tí àwọn méjì tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ ní: ẹ lè pín owó náà kó tó wọlé. Kí dọ́là 100 lọ sí àkáùntì ìfowópamọ́, kí ìyókù lọ síbi tí ẹ ti ń ná. Owó tí ojú kò rí kì í sábà yọ ọkàn lẹ́nu.

Káàdì owó iṣẹ́

Káàdì yìí kì í ṣe káàdì gbèsè. Owó yín ló wà níbẹ̀, Regulation E sì dáàbò bò ó bó ṣe ń dáàbò bo káàdì báńkì. Bí ó bá sọnù, tí ẹ sì sọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì tí ẹ mọ̀, ohun tó lè já lé yín lórí kò ju dọ́là 50 lọ. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè di dọ́là 500. Bí ẹ bá sì dákẹ́ ju ọjọ́ 60 lọ lẹ́yìn tí àkọsílẹ̀ ti fi ìnáwó náà hàn yín, èyí tí olè bá jí lẹ́yìn ìgbà yẹn lè jẹ́ tiyín pátápátá. Ẹ máa wo àkọsílẹ̀ náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ rí ti oṣù 12 sẹ́yìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ti oṣù 24 lórí bébà bí ẹ bá béèrè.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2019, òfin ti ní kí ìwé kúkúrú kan máa bá káàdì rìn. Ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Lókè rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé ẹ kò ní láti gba káàdì yìí, pé kí ẹ béèrè lọ́wọ́ agbaniṣíṣẹ́ yín nípa àwọn ọ̀nà mìíràn tí ẹ lè gbà rí owó yín. Lábẹ́ rẹ̀, iye mẹ́rin máa wà ní lẹ́tà ńlá: ti oṣooṣù, ti ìrajà kọ̀ọ̀kan, ti ATM, àti ti fífi owó lọ́wọ́ kún káàdì. Ẹ tún wò ó sísàlẹ̀, ní lẹ́tà tó kéré ju ìyẹn lọ: iye tí wọ́n ń gbà fún wíwo iye tó kù nídìí ATM, fún pípe àwọn tó ń dá oníbàárà wọn lóhùn lórí fóònù, àti fún àìlo káàdì. Ti ATM máa ń jẹ́ méjì, ọ̀kan fún ẹ̀rọ tó bá wọn dá májẹ̀mú, èkejì fún ẹ̀rọ tí kò bá wọn dá a. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni owó yín máa ń gbà jò.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Ká ní dọ́là 613.47 ló wọ káàdì yín. ATM tó ń pín dọ́là 20 á fún yín ní 600. Dọ́là 13.47 á dúró síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjì sí i, omíràn á tún dúró. Ẹni tó fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ tán, kó mú káàdì àti ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ sí báńkì tó ń bá Visa tàbí Mastercard ṣe, bí ó bá ṣe wà lára káàdì náà, kó ní òun fẹ́ gba iye tó wà níbẹ̀ títí dé sẹ́ńtì tó kẹ́yìn. Kí ó kọ́kọ́ wo ìwé kúkúrú yẹn bóyá ìyẹn náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Tàbí kó fi ìyókù ra nǹkan ní ìsọ̀, nítorí ìrajà sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́.

Bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ tètè kó ohun tó wà lórí káàdì. Owó àìlò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, agbaniṣíṣẹ́ yín kò sì ní pè yín láti sọ.

Sọ̀wédowó

Èmi kò kórìíra sọ̀wédowó. Ẹni tí báńkì rẹ̀ ń gbá a mú nítorí gbèsè àtijọ́ lè má fẹ́ kí owó iṣẹ́ rẹ̀ wọ ibẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìpẹ́ náà lè má rí ìdí láti kọ nọ́ńbà báńkì rẹ̀ fún ẹni tí kò fọkàn tán.

Àmọ́ ó lọ́ra, ó sì rọrùn láti jí. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025, dọ́là 275 àkọ́kọ́ nínú sọ̀wédowó tí ẹ bá fi sí báńkì ló sábà gbọ́dọ̀ wà fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e; ìyókù lè dúró díẹ̀ sí i. Àwọn olè inú àpótí lẹ́tà máa ń fi kẹ́míkà fọ yíǹkì kúrò lórí rẹ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ mìíràn àti iye mìíràn sí i. Bí ó bá sọnù, ilé iṣẹ́ ló máa ní kí báńkì má san án, tí á sì kọ òmíràn, ẹ ó sì máa dúró. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ tó ju oṣù mẹ́fà lọ, báńkì kò sí lábẹ́ dandan láti san án mọ́. Gbèsè náà kò kú, agbaniṣíṣẹ́ ṣì jẹ yín, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, owó iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà máa ń lọ sí àpò ìjọba ìpínlẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó sì ti lọ béèrè rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gba ènìyàn síṣẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ilé iṣẹ́ ìtọ́jú ilé, ilé oúnjẹ, tàbí ilé ìtọ́jú ọmọdé. Ẹ̀yin gan-an ni òfin yìí máa ń ká mọ́, nítorí pé ẹni tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá kì í ní agbẹjọ́rò lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ṣe bí ẹni pé New York lẹ wà, ibikíbi tí ẹ bá wà. Ẹ gba ìfọwọ́sí lórí ìwé kí owó àkọ́kọ́ tó wọ àkáùntì. Ẹ má fàlà sí ọ̀nà kankan fún òṣìṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ó lè yí ọkàn padà, àti bí ó ṣe máa sọ fún yín. Bí ilé iṣẹ́ tó ń bá yín ṣètò owó bá gbé káàdì wá tó ní kò ná yín ní nǹkan kan, ẹ bi í pé ta ló ń ná ní nǹkan. Ìdáhùn sábà máa ń jẹ́ òṣìṣẹ́ yín.

Ẹ tún rántí ìwé àlàyé owó, èyí tí wọ́n ń pè ní pay stub. Òfin àpapọ̀ kò ní kí ẹ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé yìí, ó kàn ní kí ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ owó fún ọdún mẹ́ta. Àwọn ìpínlẹ̀ ló ń béèrè rẹ̀. Ní California, ó lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí òṣìṣẹ́ bá lè tètè rí i, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde láìsan owó. Fífi owó ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kò mú ìwé yìí kúrò lọ́rùn yín.

Bí àkáùntì ló jẹ́ ìṣòro

Ìwádìí FDIC, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìbánigbófò owó inú báńkì, ti ọdún 2023 sọ pé ìdílé bíi mílíọ̀nù 5.6 ní Amẹ́ríkà, ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún, ni kò ní àkáùntì báńkì kankan. Bí ẹ bá wà lára wọn, ẹ wá àkáùntì tó ní àmì Bank On. Owó oṣooṣù rẹ̀ kì í sábà ju dọ́là 5 lọ, kì í gba owó ìtanràn fún ìnáwó tó ju iye tó wà nínú àkáùntì lọ, ẹ sì lè fi dọ́là 25 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ṣí i. Ẹni tí báńkì ti kọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí orúkọ rẹ̀ wà ní ChexSystems, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àkáùntì ènìyàn fún àwọn báńkì, níbi tí àkọsílẹ̀ ti máa ń pẹ́ tó ọdún márùn-ún. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà rẹ̀ kó sì ta ko ohun tí kò tọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn báńkì kan máa ń gba ìwé ìrìnnà àti nọ́ńbà ITIN tí wọ́n fi ń san owó orí dípò nọ́ńbà Social Security. Ẹ béèrè ní báńkì mélòó kan kí ẹ tó gbà pé kò ṣeé ṣe.

Ní ti ìfẹ̀sùnkàn, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi káàdì kan tàbí báńkì kan ṣe dandan, tàbí ilé iṣẹ́ káàdì kò yanjú owó tó sọnù, CFPB ni kí ẹ kọ̀wé sí. Bí ó bá jẹ́ pé owó kò dé, tàbí ó dé lẹ́yìn àsìkò, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ yín ló sábà máa ń yára jù. Bí owó bá wá dín sí iye tó kéré jù lábẹ́ òfin àpapọ̀, Wage and Hour Division ni, ìyẹn ẹ̀ka tó ń rí sí owó iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ má fi falẹ̀: lábẹ́ òfin àpapọ̀, ọdún méjì lẹ ní, ó máa ń di mẹ́ta bí agbaniṣíṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. New York fún yín ní mẹ́fà.